Ọmọ Ọlọ́mọ ní Àgọ́ Èjìnrìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, àìmọye òbí ni ó ń di ẹrù ọmọ wọn, tí wọ́n ń fi í sínú mọ́tò, tí wọ́n sì ń fà á lé ẹni tí wọn kò mọ̀ ju ojú lásán lọ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n mú wọn wá. Àgọ́ ni wọ́n ń lọ, tàbí káǹpù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ náà ti ń pè é. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni: orin, eré, ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìwẹ̀ àárọ̀, oorun alẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà lọ́dọ̀ wọn lóru? Ta ni yóò gbọ́ igbe ẹni tó bá lálàá burúkú? Àwa tí a yọ̀ǹda ara wa ni.

Èmi náà ti wà lára wọn rí, ọdún púpọ̀ ni mo sì fi ṣe é. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ àánú yangàn. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ sí mi ní Èjìnrìn lọ́dún 1988, ohun ìtìjú ni, òun ló sì lé mi lọ sínú ìwé ìtàn. Ohun tí mo bá nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ fi bá yín tàkúrọ̀sọ lónìí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èkó. Ẹ ó rántí bí ọdún náà ti rí. SAP ti wọlé, ó ti jókòó sórí àga, kò sì sẹ́ni tó lè lé e dìde. Ní oṣù April ọdún náà ni ìjọba fi owó kún epo mọ́tò, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ fárígá. Owó ọkọ̀ gbówó lórí, oúnjẹ náà sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ìjọ wa ní kí àgọ́ ọmọdé má ṣàìwáyé. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú owó díẹ̀ àti kóńgò ìrẹsì kan wá. Ilé-ìwé kan ní Èjìnrìn ni wọ́n gbà fún wa. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n, àwa tí a ń tọ́jú wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọmọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n fi sábẹ́ mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

Bí ẹni tí kò dé Èjìnrìn rí bá wà láàárín yín, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni, létí ọ̀sà Èkó lápá àríwá. Béèyàn bá yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá omi, ibẹ̀ ló máa bá a. Lónìí, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Èjìnrìn tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 ló ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìlú jẹ́jẹ́ ni lójú tiwa ará Èkó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́, ẹja gbígbẹ ń ta sánsán, àwọn ọmọ wa ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Orin tí a ń kọ kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú sùn ọ̀sán.

Ní òru ọjọ́ kejì ni òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò July ni, ẹ kúkú mọ irú rẹ̀. Ó rọ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó dá díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì tó yẹ kó kó oúnjẹ ìdajì tó kù wá láti Èkó kò dé. A gbọ́ pé ọ̀nà ti bàjẹ́ níwájú, pé ọkọ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀. Kò sí tẹlifóònù tí a lè fi pe ẹnikẹ́ni. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìrẹsì tó kù kò kún ìkòkò. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n lá abọ́, wọ́n sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, olórí wa pe àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ sí ẹ̀yìn ilé. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti pin sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé ààwẹ̀ ni. Ká ní à ń gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí Ọlọ́run lè ṣínà fún lọ́rì." Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Búrẹ́dì méjì ló ṣẹ́ kù nínú àpótí, kò lè kárí ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láé. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pín in, a sì fi tíì gbóná lé e. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́jọ tèmi, mo ní ọjọ́ ààwẹ̀ ni òní. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ojú rẹ̀ kì í sinmi, gbé orí sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé Ọlọ́run ló ní ká má jẹun ni, àbí oúnjẹ ti tán?"

"Ààwẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà ò tíì jẹun?"

"Mi ò tíì jẹ."

Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ pé eérún búrẹ́dì lè wà létí ẹnu mi. Mi ò lè fọwọ́ nù ún lójú rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mo kọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó dá lé lórí, àti èmi àti àwọn.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo lọ sétí omi. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ lábẹ́ ibòji, ó pàtẹ gàrí, ewùrà àti ẹja gbígbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọrin ní ilé-ìwé lọ́hùn-ún?"

"Àwa ni, mà."

"Mi ò gbọ́ orin yín láti àárọ̀. Kí ló ṣe wọ́n?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, lọ́rì, ọ̀nà, ààwẹ̀, títí kan búrẹ́dì. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn mi orí, ó ní, "Ọ̀nà ló ń ṣe wá bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn ìyá wa. Bí ọ̀nà bá dí, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ mọ̀." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí. Mo ní mi ò ní owó lọ́wọ́. Ó ní òun kò béèrè owó, ìwé ni kí n mú kí n kọ ọ́ sí. Gàrí, ewùrà, ẹja, epo, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦92. Ó ní, "Ẹ ó san án. Ẹ má fi ààwẹ̀ tan ọmọ ọlọ́mọ mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ Èkó wa jẹ ìkọ́kọrẹ́ àjẹyó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí i rí. Obìnrin méjì láti inú ìlú ló wá bá wa rin ewùrà. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo kó àwọn mẹ́jọ mi jọ, mo sọ òótọ́ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ní, "Mo mọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́rì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, pé ọ̀nà ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn ìyá wọn, kò kúrò létí mi. Nígbà tí mo padà sí Èkó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn Èjìnrìn kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Èjìnrìn tí a rí gẹ́gẹ́ bí ìlú jẹ́jẹ́ yìí, ọjà ńlá ni láyé ọjọ́un. Ọ̀kan ni nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní sí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Èkó wá, ó ń kó aṣọ, iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn tó ń ti òkè wá ń ru epo pupa, èkùrọ́, oúnjẹ àti aṣọ òfì. Ìjẹ̀bú ló wà láàárín. Wọn kì í jẹ́ kí ará òkè kọjá lọ bá òyìnbó fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará Èkó gòkè lọ bá ará oko. Àwọn ni wọ́n ń rà, àwọn ni wọ́n ń tà. Lóòótọ́, àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan bá ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà níkàáwọ́, ohun tó bá wù ú ló lè fi ọjà ṣe. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, wọn a ti ọ̀nà. Iyọ̀ a wọ́n ní Ìbàdàn, oúnjẹ a wọ́n ní Èkó.

Ẹ má jẹ́ ká yára dá Ìjẹ̀bú lẹ́bi. Ojú wọn ló ṣe nígbà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó yìnbọn sí Èkó lọ́dún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí ó sì wá fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùgbé. Ojú wọn náà ló ṣe nígbà tí òyìnbó gba Èkó pátápátá ní oṣù August ọdún 1861. Ẹni tó rí bí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé, tí wọ́n sì di onílé, kò ní ṣílẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì dúró tì wọ́n. Bí ọ̀nà gbogbo láti Ìbàdàn sí etí òkun ṣe dí nìyẹn. Ìjàyè tú ní oṣù March ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Ó tó ọdún márùn-ún gbáko kí ó tó dẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ilé Kúdẹ̀tì.

Lọ́dún 1853 ni òyìnbó ajíhìnrere kan, David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń bá ìjọ CMS ṣiṣẹ́, mú ìyàwó rẹ̀ Anna wá sí Ìbàdàn. Kúdẹ̀tì ni wọ́n kọ́lé sí. Kí Anna tó kúrò nílùú rẹ̀, Lowestoft, ní etí òkun England, ó ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ ní ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti Bíbélì. Kò sẹ́ni tó sanwó fún un. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ohun kan náà ló fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ń bẹ̀rù. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti wojú ìwé tán, yóò di ọ̀lẹ, kò ní lè roko, kò ní lè jagun. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Bí àwọn òbí wa lónìí ti ń béèrè pé "Ṣé ẹ ò ní sọ ọmọ mi dà nǹkan mìíràn?" náà ni wọ́n béèrè nígbà náà.

Olóyè kan ló kọ́kọ́ fi ojú àánú wò wọ́n. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin. Láti orí méjì yìí ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Àwọn kan wá láti ilé àwọn onígbàgbọ́. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ tí ogun kó lẹ́rú, tí àwọn Hinderer rà padà. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń kọrin àárọ̀ àti alẹ́ níbẹ̀. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, wà pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí igi lẹ́yìn ọgbà. Kì í ṣe káǹpù ọ̀sẹ̀ kan ni tiwọn, ọdún gbọọrọ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóru kò yàtọ̀ sí tiwa: kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí ọ̀nà dí, ilé Kúdẹ̀tì ló mọ̀ ọ́n lára. Owó ẹyọ tí wọ́n ń ná, Èkó ló ń ti wá. Oògùn, aṣọ, ìwé, lẹ́tà, Èkó náà ni. Gbogbo rẹ̀ dúró. Ebi dé. Anna kò kó àwọn ọmọ náà jáde, kò sì fi ààwẹ̀ tàn wọ́n. Ohun ìní ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó ta aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ó ta agolo bisikí tó ti ṣófo. Wọ́n ṣí páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí ẹrù wọn, wọ́n tà á fún ẹni tó lè fi rọ nǹkan. Ẹ̀wà àti iṣu ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ rà. Àwọn aládùúgbò ní Ìbàdàn, tí púpọ̀ nínú wọn kò gba ìgbàgbọ́, yá wọn ní owó ẹyọ, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wùrà létí ọ̀sà Èjìnrìn ni mo rántí.

Àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa Anna kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí oṣù March ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover tó ń ṣàkóso Èkó sì rán ọmọ ogun lọ lé wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni Glover rán ọ̀gágun kan, Maxwell, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn, pé kí wọ́n la igbó kọjá ní ìkọ̀kọ̀ dé Ìbàdàn. Wọ́n bá àwọn Hinderer lójijì. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fún Anna láti fi palẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lé èjìká nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi, wọ́n sì ń sáré gba inú igbó kí àwọn tó ń ṣọ́nà má bàa rí wọn, títí wọ́n fi dé etí ọ̀sà. Àwọn ọmọ kò lè bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró tì wọ́n, Olúbí náà dúró.

Anna tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún 1869 ni àwọn méjèèjì fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní oṣù June ọdún 1870. Olúbí ló gba àkóso ìjọ, tó ń bọ́ agbo náà lọ láìsí òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tó jẹ ẹ̀wà ogun nínú ilé yẹn, àwọn kan di olùkọ́ ìjọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Àwọn Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn káǹpù ọmọdé sábà máa ń ka ọdún 1861 sí ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, olùkọ́ kan ní Connecticut, Frederick Gunn, àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn rìn lọ sétí omi, wọ́n pàgọ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wu àwọn ọmọkùnrin náà láti sùn nínú àgọ́ bí ọmọ ogun. Ẹ gbọ́ ná! Ní 1861 yẹn kan náà, àwọn ọmọ Kúdẹ̀tì wà láàárín ogun tòótọ́. Àwọn ti ọ̀hún ń fi ogun ṣeré. Àwọn tiwa ń jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi owó agolo rà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àgọ́ ti ń tàn ká. Ní London, lọ́dún 1867, Josiah Spiers bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọdé nìkan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sétí òkun Llandudno ní Wales, ó kọ ọ̀rọ̀ náà pé Ìfẹ́ ni Ọlọ́run sórí iyanrìn, ó sì ní kí àwọn ọmọ tó wà nísinmi níbẹ̀ fi òkúta àti ewé òkun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scripture Union ti ṣẹ̀ wá, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní ilé-ìwé girama. William Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1883, ó sì kó wọn lọ sí àgọ́ àkọ́kọ́ lọ́dún 1886. Ní New York, lọ́dún 1898, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Hawes rí i pé ìgboro ni àwọn ọmọ ń sùn sí nígbà ìsinmi, ó gba gbọ̀ngàn ilé ọtí kan, ó ń kọ́ wọn ní Bíbélì àti iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Baden-Powell kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní August 1907. Boys' Brigade dé Èkó lọ́dún 1908, Sikáòtù sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1915. Fèrè, ìlù, àgọ́ nínú pápá, gbogbo rẹ̀ di tiwa.

Èjìnrìn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà ló kó bá Ìjẹ̀bú níkẹyìn. Ní 1892, Gómìnà Carter ní wọ́n ti ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì kọ̀ fún àwọn ajíhìnrere láti kọjá, ó sì rán ogun lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gòkè. Ní ọjọ́ 19 oṣù May, wọ́n jà ní Ìmagbọ̀n létí odò Yemoji. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. James Johnson, àlùfáà Èkó tó jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, wà lára àwọn tó ta ko ogun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ìyìn rere wọ Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà là. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé-ìwé wọlé tọ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, ẹrù òkè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò tún dé, ariwo etí omi ń rọlẹ̀. Ọjà tó ti ń fi ọ̀nà dá àwọn ìlú lẹ́kun, ọ̀nà mìíràn ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ìlú jẹ́jẹ́ níbẹ̀ ní 1988.

Kí ni gbogbo èyí kọ́ mi? Ó kọ́ mi pé iṣẹ́ àgọ́ kì í ṣe iṣẹ́ orin, iṣẹ́ oúnjẹ àti òótọ́ ni. Ọmọ tó bá jẹun yó, tí a kò sì parọ́ fún, yóò gbọ́ Bíbélì. Èyí tí ebi ń pa, tí a tún ń fi orúkọ Ọlọ́run tàn, yóò rántí ẹ̀tàn náà di ọjọ́ ogbó. Mo bá wọn lọ sí àgọ́ lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà, mi ò sì tún jẹun ṣáájú ọmọ kan mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí bẹ̀ yín. Lónìí, káǹpù pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, láti ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn títí dé apá Ẹ̀pẹ́. Òfin náà ti wà: orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Ṣùgbọ́n òfin kì í sun àgọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi ọmọ sínú mọ́tò. Àgbàlagbà mélòó ló wà níbẹ̀? Ta ló ń sun yàrá wọn, ta ló mọ ìwà onítọ̀hún? Oúnjẹ ọjọ́ mélòó ló ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé? Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ gba ọmọ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sì dé, ẹ má kàn béèrè orin tó kọ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó jẹ, kí ẹ sì gbọ́ ọ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé ti àgọ́ wa, nígbà tí mo gba owó oṣù, mo wọ mọ́tò padà sí Èjìnrìn. Olórí wa ti ní kí n fi í sílẹ̀ kí ìjọ san án, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ́ gbèsè náà. Mo bá ìyá náà níbi tó ti máa ń jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo ka ₦92 sí i lọ́wọ́. Mo rò pé yóò dá díẹ̀ padà fún mi, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Rárá o. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó pé, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Ọmọ yẹn ńkọ́, èyí tó bi ọ́ léèrè bóyá o ti jẹun?"

Mo ní ó wà ní àlàáfíà, mà.

Ó ní, "Bó o bá rí i, sọ fún un pé o ti san án."

Mo rí i ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn. Mo sì sọ fún un.